Aboyún Tí Ó Sanra àti Ẹ̀kúnwọ́ Ẹ̀pà Kan

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, aboyún kan àti ìyá ọkọ rẹ̀ lọ sí ilé ìgbẹ̀bí. Oyún náà ti tó oṣù mẹ́ta àti ààbọ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí aboyún gorí ìwọ̀n. Ó wo ìwọ̀n náà, ó tún un wò, ó sì kọ nǹkan sínú káàdì. Inú ìyá ọkọ dùn. Ó ní:

“Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ rí bí ìyàwó mi ṣe ń dán? Èmi ni mo ń bọ́ ọ. Ẹ̀kọ àti àkàrà láàárọ̀, ẹ̀bà lọ́sàn-án, iyán lálẹ́. Ẹni méjì ló ń jẹun fún.”

Nọ́ọ̀sì ní: “Ẹ kú ìtọ́jú, Màmá. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ìyàwó yín ti pọ̀ jù.”

“Ó pọ̀ jù kẹ̀? Ṣé kí aboyún wá máa febi pa ara rẹ̀ ni?”

“Rárá o, Màmá. Aboyún kì í gbààwẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ fọn. Irú oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ ni a fẹ́ yí padà. Kí wọ́n dín ẹ̀bà àti iyán kù, kí wọ́n jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà dáadáa, kí wọ́n fi ohun mímu ìgò tó dùn yẹn sílẹ̀, kí wọ́n sì máa jẹ ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan lójúmọ́.”

Ìyá ọkọ la ẹnu sílẹ̀. “Ẹ̀pà! Ẹ̀pà tí òróró kún inú rẹ̀? Ṣé kì í ṣe òróró náà ló ń mú ènìyàn sanra ni?”

Ìbéèrè ìyá yìí dára gan-an. Ọ̀pọ̀ dókítà alára ló ti bèèrè irú rẹ̀ rí. Òun ni a fẹ́ dáhùn nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Lọ́dọ̀ wa, bí a bá rí obìnrin tí ó sanra, a máa ń sọ pé ara tù ú, pé ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà kì í fi ojú lásán wọn ènìyàn. Ìṣirò kan wà tí wọ́n ń ṣe. Ẹ mú pẹ́ńsùlù, kí a jọ ṣe é.

Obìnrin kan ga ní mítà 1.60. Kí ó tó lóyún, ó wọn kílò 80. A ó kọ́kọ́ fi gíga rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀: 1.60 lọ́nà 1.60 jẹ́ 2.56. Lẹ́yìn náà, a ó fi 2.56 pín 80. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 31 àti díẹ̀. Bí ìdáhùn bá bọ́ sí àárín 18.5 sí 25, ara obìnrin náà wà déédéé. Bí ó bá ti kọjá 25, ó ti ń sanra ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ó bá tó 30 tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ni àwọn dókítà ń pè ní sísanra jù. Ìwọ̀n kí oyún tó dé, tàbí ti ìbẹ̀rẹ̀ oyún, ni a fi ń ṣe ìṣirò yìí. Bí oyún bá ti dàgbà, ọmọ wà nínú ìwọ̀n náà, ibi ọmọ wà níbẹ̀, omi inú oyún náà wà níbẹ̀. Kò ní jóòótọ́ mọ́.

Kí ló wá burú nínú rẹ̀? Ohun tó burú ju ni ọ̀rọ̀ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ kà á.

Ẹ̀bà, iyán, ìrẹsì, búrẹ́dì, gbogbo wọn ló ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí a bá jẹ wọ́n tán. Omi ara kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ínsúlínì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà, kí ṣúgà lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kí ó wọ inú ẹran ara, kí ara fi ṣe agbára. Bí obìnrin bá lóyún, ibi ọmọ a máa tú omi mìíràn jáde tí ó ń mú kí ilẹ̀kùn yìí le láti ṣí. Èyí kì í ṣe àìsàn. Bí a ṣe dá obìnrin nìyẹn, kí oúnjẹ lè ṣẹ́kù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ. Ara ọ̀pọ̀ aboyún a tú ínsúlínì sí i, ọ̀ràn a sì yanjú. Ṣùgbọ́n ara ẹni tí ó sanra jù ti ń bá ilẹ̀kùn líle jìjàkadì kí oyún tó dé. Oyún wá dé, ẹrù di méjì. Ínsúlínì kò ká a mọ́, ṣúgà sì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí ni à ń pè ní àtọ̀gbẹ inú oyún.

Àtọ̀gbẹ yìí kì í sábà dun ènìyàn. Aboyún lè máa lọ sọ́jà, kí ó máa bọ̀ lóko, kí ara rẹ̀ má fi nǹkan kan hàn án. Ṣùgbọ́n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ìyá ń gba ibi ọmọ kọjá sí ara ọmọ. Ọmọ ń jẹ àjẹjù láti inú oyún, ó ń tóbi, èjìká rẹ̀ ń fẹ̀. Àwọn ará ilé lè máa yọ̀ pé ọmọ ńlá ń bọ̀. Ó wá di ọjọ́ ìkúnlẹ̀, orí ọmọ jáde, èjìká há. Agbẹ̀bí tí ojú rẹ̀ bá ti rí èyí rí kì í gbàgbé rẹ̀ láyé. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni ó wà láàárín ìyè àti ikú ọmọ náà. Bí a bá sì bí i tán ní àlàáfíà, ṣúgà ara tirẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, nítorí pé ṣúgà ìyá tí ó ti mọ́ ọn lára kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ìyá náà lè bọ́ lọ́wọ́ àtọ̀gbẹ lẹ́yìn ìbímọ, kí ó sì tún padà wá bá a lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kí ó wá jókòó tì í pátápátá.

Ẹ̀jẹ̀ ríru náà a máa wọ́pọ̀ láàárín àwọn aboyún tí ó sanra jù, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ láti gbé ọmọ jáde. A kò sọ èyí láti fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó sanra ló ti bímọ tí kò sí wàhálà kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ bá ní kòtò, ó yẹ kí ó mọ̀.

Níbo wá ni nọ́ọ̀sì ti rí ọ̀rọ̀ ẹ̀pà? Kì í ṣe láti inú ewé àti egbò, kì í sì í ṣe àlá. Àwọn ènìyàn etí Òkun Mẹditaréníà, bí àwọn ará Gíríìsì, Ítálì àti Spéìnì, ní irú oúnjẹ kan láti ìgbà láéláé: ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja, òróró igi ólífì, àti àwọn èso eléepo líle tí à ń pa jẹ. Àwọn dókítà ti ṣàkíyèsí tipẹ́ pé irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ dára fún ọkàn. Wọ́n wá ní, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni yóò ṣe fún aboyún?

Ní ọdún 2014, àwọn dókítà Yunifásítì Queen Mary ní Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò ní ilé ìgbẹ̀bí márùn-ún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Aboyún 1,252 ni wọ́n kó jọ, obìnrin dúdú, obìnrin funfun àti àwọn ará Éṣíà. Oyún wọn kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 18. Àwọn kan sanra jù, ẹ̀jẹ̀ àwọn mìíràn ti ń ru tẹ́lẹ̀, ọ̀rá sì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó kù. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì bí ẹni ṣẹ́ gègé, kí ẹnikẹ́ni má bàa yan ibi tó wù ú. Apá kan gba ìmọ̀ràn tí gbogbo aboyún ibẹ̀ ń gbà. Apá kejì gba oúnjẹ etí òkun yẹn. A ní kí wọ́n jẹ 30 gíráàmù èso eléepo líle lójúmọ́. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ wọ́núọ̀tì, ìyẹn àsálà òyìnbó; ìdajì kejì jẹ́ hésúọ̀tì àti álímọ́ńdì. (Álímọ́ńdì yìí kì í ṣe ti abẹ́ igi fúrúùtù tí àwọn ọmọdé ń fi òkúta fọ́ o.) Òróró ólífì ni a ní kí wọ́n fi se oúnjẹ. Kí wọ́n jẹ ẹ̀fọ́, èso, ẹ̀wà àti ẹja. Kí wọ́n dín ẹran màlúù kù, kí wọ́n sì yẹra fún ohun mímu oníṣúgà.

Ní ọdún 2019 ni wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde. Láàárín àwọn tó jẹ oúnjẹ yìí, ewu àtọ̀gbẹ inú oyún fi 35 nínú 100 dín kù. Ẹ jẹ́ kí a fi ìka kà á. Bí ó bá jẹ́ pé aboyún 20 ni ìbá ní àtọ̀gbẹ yìí, nǹkan bíi 13 tàbí 14 ni yóò ní in. Mẹ́fà tàbí méje ti bọ́. Ní ti ìwọ̀n, àwọn tí ó gba ìmọ̀ràn lásán fi kílò 8.3 kún ara wọn nígbà oyún. Àwọn tí ó jẹ ẹ̀pà òyìnbó àti òróró fi kílò 6.8 kún un.

Ẹ dúró díẹ̀ níbí. Àwọn tí ó ń jẹ òróró ni kò sanra tó àwọn yòókù! Ìyá ọkọ yẹn yóò ní irọ́ ni. Kì í ṣe irọ́. Òróró kì í ṣe oríṣi kan. Ọ̀rá ẹran, tó ń dì bí ó bá tutù, yàtọ̀ sí òróró inú ẹ̀pà, tí kì í dì. Ti ẹ̀pà yìí dára fún ẹ̀jẹ̀ ju ti ẹran lọ. Yàtọ̀ sí òróró, ẹ̀pà ní ohun tó ń kọ́ ẹran ara, irú èyí tó wà nínú ẹja àti ẹyin, ó sì ní ṣáká tí inú kò lè yára lọ̀. Nítorí náà ó ń pẹ́ nínú ikùn. Ẹni tó jẹ ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà ní agogo mẹ́wàá lè má wá nǹkan jẹ títí di ọ̀sán. Ẹni tó mu ìgò ohun mímu dídùn kan ní agogo mẹ́wàá, ebi á tún pa á ní agogo mọ́kànlá, ṣúgà á sì ti gun ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ibi tí àṣírí ọ̀rọ̀ náà wà nìyẹn: ẹ̀pà gba ààyè nǹkan mìíràn ni. A kò gbé e lé orí oúnjẹ àtijọ́. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ̀bà rẹ̀ tán bí ti tẹ́lẹ̀, tó mu ìgò kan, tó wá fi ẹ̀pà lé e, yóò sanra sí i ni, dókítà kankan kò sì ní gbà á sílẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí a sọ òtítọ́ tán. Oúnjẹ náà kò dá ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún dúró. Ní ti àwọn ọmọ tí a bí, a kò rí ìyàtọ̀ tí ó hàn kedere láàárín apá méjèèjì. A kò sì lè sọ pé ẹ̀pà nìkan ló ṣe iṣẹ́ náà, nítorí pé òróró ólífì, ẹ̀fọ́ àti ẹja jọ wà níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ń kiri ọjà pé ẹ̀pà òun ń wo àtọ̀gbẹ aboyún, ẹ má dá a lóhùn.

Ó tún ku ohun kan. Èso ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n fi dán an wò. Ẹ̀pà tiwa kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀pà tiwa kì í tilẹ̀ ṣe èso igi, ẹbí ẹ̀wà ni, abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbé. Ṣùgbọ́n bí a bá tú inú rẹ̀ wò, òróró rẹ̀ jẹ́ irú tí kì í dì, ohun tó ń kọ́ ẹran ara pọ̀ nínú rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì ga bíi ti wọ́núọ̀tì òyìnbó. Kajú náà dára. Àsálà tiwa, tí à ń sè nígbà òjò, orúkọ nìkan ló bá ti òyìnbó pín. Tiwọn jẹ́ igi ńlá, tiwa ń fà mọ́ igi bí okùn. Òróró inú rẹ̀ dára síbẹ̀. (Ẹ má mu omi lé e lórí kíákíá, ẹnu yín á korò!) Lójú tèmi, aboyún ilẹ̀ wa kò ní láti wá èso òyìnbó kiri. Àgbọn ni n kò ní kà mọ́ wọn, nítorí òróró tirẹ̀ súnmọ́ ti ọ̀rá ẹran. Ẹ sì má fi obì dípò ẹ̀pà: ohun tó ń lé oorun lọ nínú obì, tó wà nínú kọfí náà, kò yẹ kí ó pọ̀ lára aboyún.

Báwo ni a ó ṣe wọn 30 gíráàmù nínú ilé tí kò ní ìwọ̀n? Ẹ da ẹ̀pà tí a ti bó sí àtẹ́lẹwọ́. Bí ọwọ́ bá lè pa dé lórí rẹ̀, ó tó. Ẹ̀kúnwọ́ kan nìyẹn, kì í ṣe agolo kan. Ẹ̀pà sísè tàbí èyí tí a yan láìfi iyọ̀ pọ̀ sí i ló dára jù. Ẹ̀pà tí wọ́n fi ṣúgà àti ìyẹ̀fun bò, tàbí dónkùwà, ti di nǹkan mìíràn. Gààrí ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ó bèèrè. Gààrí tútù pẹ̀lú ṣúgà síbí mẹ́rin àti ẹ̀pà díẹ̀ lórí, gààrí àti ṣúgà ni aboyún náà jẹ, ẹ̀pà kàn bá wọn ṣeré ni. Kí ó jẹ ẹ̀pà náà lọ́tọ̀, tàbí kí ó fi jẹ àgbàdo sísè kan.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀pà tí ó bu. Ní ọdún 1960, tòlótòló tí ó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ohun tó ń pa wọ́n. Nígbà tí wọ́n tọ ọ̀ràn náà lẹ́yìn, wọ́n rí i pé èérún ẹ̀pà tí wọ́n kó wá láti Bràsíìlì fún wọn jẹ ló ti bu. Májèlé kan wà nínú bíbu náà tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni àfilatọ́sìnnì. Májèlé yìí wà nínú ẹ̀pà tiwa náà bí a kò bá sá a gbẹ dáadáa tàbí tí òjò bá pa á nínú àpò. Yíyan kò lè pa á tán, díndín kò lè pa á tán. Nítorí náà, kí a tó yan ẹ̀pà, kí a ṣà á. Èyí tó dúdú, tó hunjọ, tó ní ewéko bíi òwú lára, tàbí tó korò lẹ́nu, kí a dà á nù. Kí a má fi ṣe kúlíkúlí pé ó ṣòfò. Kí a má fún adìẹ jẹ.

Ẹni tí ẹ̀pà kì í bá lára mu, tí ètè rẹ̀ ń wú tàbí tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń dí bí ó bá jẹ ẹ́, kò gbọdọ̀ fi ẹnu kàn án. Àwọn yòókù kò ní nǹkan í bẹ̀rù. Ní ọdún 1998, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ pé kí àwọn aboyún tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nínú ìdílé wọn yẹra fún ẹ̀pà nítorí ọmọ inú. Ní ọdún 2009, wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà padà, nítorí wọn kò rí ẹ̀rí tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé ìgbẹ̀bí. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ti ṣàlàyé tán, ìyá ọkọ dákẹ́ díẹ̀. Ó ní: “Ṣé bí ó bá ti ń jẹ ẹ̀pà báyìí, kò ní láti máa wá síbí lemọ́lemọ́?”

“Ha, Màmá! Wọ́n gbọ́dọ̀ wá o. Bí oyún bá ti pé ọ̀sẹ̀ 24 sí 28, a ó yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò. A ó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò nígbà gbogbo. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí mo fún wọn, kí wọ́n máa lò ó. Ẹ̀pà kò lè gba ipò rẹ̀.”

Aboyún alára, tí kò tíì sọ̀rọ̀, bèèrè pé: “Kílò mélòó ló yẹ kí n fi kún ara títí n ó fi bí i?”

“Fún ẹni tí ó bá sanra tó yín, kílò 5 sí 9 ni àwọn ọ̀mọ̀ràn ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ sílẹ̀ ní ọdún 2009. Ẹ má wá ọ̀nà láti fọn nínú oyún o. Ẹ kàn má jẹ́ kí ó sáré jù.”

Nígbà tí wọ́n jáde, ìyá ọkọ ra ẹ̀pà lọ́wọ́ obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà. Ó tú u sínú àwo, ó ṣà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó da mẹ́rin nù. Ó bu ìyókù sí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó pọ̀, ọwọ́ kò pa dé. Ìyá ọkọ mú díẹ̀ kúrò, ó sọ ọ́ sẹ́nu ara rẹ̀.

Ìbéèrè

1. Obìnrin kan ga ní mítà 1.50, ó sì wọn kílò 72 kí ó tó lóyún. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ṣé ó sanra jù?
2. Kí ló dé tí àwọn tó jẹ ẹ̀pà òyìnbó àti òróró ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi sanra tó àwọn yòókù?
3. Kí ni oúnjẹ náà kò lè ṣe?
4. Ẹ lọ wo ẹ̀pà tó wà nílé yín. Ẹ ṣà á. Mélòó ló yẹ kí ẹ dà nù?